Bí Géèmù Aládàádúró Ṣe Ń Dé Orí Windows, Mac àti Linux: Àpẹẹrẹ World of Goo

Géèmù orí kọ̀ǹpútà ni eré tí ènìyàn ń fi máòsì tàbí kíbọọ̀dù gbá lójú kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sì ń ṣírò ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ohun tó wà nínú eré náà bí àkókò ṣe ń lọ. Lára irú eré bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní géèmù aládàádúró, ìyẹn géèmù tí ẹnì kan tàbí ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ fi owó àti àkókò ara wọn ṣe, láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń san owó oṣù fún wọn tàbí tó ń pàṣẹ ohun tí géèmù náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Èyí tó bá jẹ́ ẹlẹ́nìkan nínú wọn ni èyí tí ènìyàn lè dá gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò nílò alátakò tàbí alábàáṣe kankan. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni ọ̀nà tí irú géèmù bẹ́ẹ̀ ń gbà ti ọwọ́ àwọn tó ṣe é dé orí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, èyí tó ń lo Mac àti èyí tó ń lo Linux. Àpẹẹrẹ tí yóò gbé àlàyé náà ró ni World of Goo, géèmù tí ọkùnrin méjì kan, Kyle Gabler àti Ron Carmel, ṣe ní ìlú San Francisco lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó sì jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2008.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ènìyàn dáadáa, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ètò olùdarí kọ̀ǹpútà jẹ́. Òun ni ètò tó ń jí nígbà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà, yálà ti orí tábìlì tàbí àgbélétan. Òun ló ń pín agbára ẹ̀rọ fún àwọn ètò yòókù, òun ló ń ṣọ́ fáìlì, òun ló ń mọ ibi tí máòsì dé, òun náà ló sì ń gbé àwòrán àti ìró jáde. Windows jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Microsoft, macOS jẹ́ ti Apple, Linux kò sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kankan, nítorí pé Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ló sì ti jọ ń kọ ọ́ láti ìgbà náà wá. Géèmù kì í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà; ètò olùdarí ló máa ń bẹ̀ pé kó bá òun ya àwòrán, kó bá òun ka fáìlì, kó sọ fún òun bóyá ọwọ́ ti tẹ máòsì. Ọ̀nà tí ètò olùdarí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yìí yàtọ̀ síra pátápátá. Ìdí nìyí tí géèmù tí wọ́n kọ fún Windows nìkan kò fi lè ṣí lórí Mac, kódà bí irú ṣíìpù kan náà bá wà nínú ẹ̀rọ méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ ti ro èyí mọ́ ọn láti ọjọ́ tó ti kọ ìlà kóòdù àkọ́kọ́, nítorí pé ohun tó bá ti wọnú ìpìlẹ̀ iṣẹ́ kì í ṣeé yọ lẹ́yìn ọdún méjì láìwó gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ìtàn World of Goo bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní ìlú Pittsburgh ní ọdún 2005, níbi tí Gabler àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta mìíràn, Kyle Gray, Matt Kucic àti Shalin Shodhan, ti dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Experimental Gameplay Project. Òfin tí wọ́n fi de ara wọn kò pọ̀: ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ṣe géèmù kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ gbà ju ọjọ́ méje lọ, kókó kan bí òòfà ilẹ̀ tàbí ewéko ni yóò sì wà ní ìdí rẹ̀. Àǹfààní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni pé èyí tí kò bá dára kì í jẹ owó, kì í sì í jẹ ọdún ènìyàn run. Ẹni tó ṣe é yóò pa á tì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀kan lára àwọn tí Gabler ṣe ni Tower of Goo, nínú èyí tí ènìyàn ń fi àwọn nǹkan rogodo tó ń lẹ̀ mọ́ra kọ́ ilé gogoro, tí kò sì sí iṣẹ́ mìíràn ju kí ilé náà ga sí i kó tó wó. Àwọn tó gbá a fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí Gabler àti Carmel, tí àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ géèmù ńlá kan, kúrò níbẹ̀ láti dá ilé-iṣẹ́ tiwọn tó ń jẹ́ 2D Boy sílẹ̀, Tower of Goo yìí ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí irúgbìn. Owó tí wọ́n ti fi pamọ́ ni wọ́n ń ná, ilé kọfí tó bá sì ní íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ni ọ́fíìsì wọn. Gabler ló ya àwòrán, tó ṣe orin, tó sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn. Carmel dojú kọ kóòdù àti ètò iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń pinnu bí eré náà yóò ṣe rí.

Ohun tí ènìyàn yóò rí nígbà tó bá ṣí World of Goo ni ọ̀pọ̀ nǹkan rogodo dúdú tó ní ojú, tí wọ́n ń rákò kiri lórí férémù kékeré kan tó ti wà nílẹ̀. Bí ó bá fi máòsì gbé ọ̀kan, tó sì gbé e sún mọ́ méjì lára àwọn tó ti di ara férémù náà, okùn tín-ín-rín yóò jáde láti ara rẹ̀ mú àwọn méjèèjì, rogodo náà yóò sì di òpó nínú ilé tó ń ga sókè. Ní ibì kan lókè tàbí ní òdìkejì ọ̀gbun ni páìpù kan wà; bí ilé náà bá dé ẹnu páìpù yìí, páìpù yóò máa fa àwọn rogodo tó ṣẹ́kù wọlé, ìpele náà kò sì ní parí àfi bí iye tí wọ́n là kalẹ̀ bá wọlé tán. Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n géèmù náà wà, nítorí pé rogodo dúdú tí ènìyàn bá ti fi kọ́lé ti di èyí tí kò lè gbà là mọ́, ẹni tó bá sì ṣahun jù, ilé rẹ̀ yóò wó kó tó dé ẹnu páìpù. Bí ìpele ṣe ń lọ ni irú rogodo mìíràn ń yọjú: àwọn aláwọ̀ ewé ṣeé tú kúrò kí ènìyàn sì fi wọ́n kọ́ ibòmíràn, àwọn kan kún fún afẹ́fẹ́ tó ń gbé ilé sókè, àwọn kan sì ń gbiná. Kòkòrò funfun kéékèèké tún ń fò kiri, tí ènìyàn bá tẹ ọ̀kan, ohun tó ṣe kẹ́yìn yóò yí padà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Pátákó tí ẹnì kan tí kì í fojú hàn ń gbé kalẹ̀ ló ń fún ènìyàn ní ìmọ̀ràn, àwọn pátákó wọ̀nyí náà ló sì ń sọ ìtàn tó gba orí mẹ́rin àti àfikún ìparí kan kọjá. Ìpele kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbé ka orí èrò kan ṣoṣo tí kì í ṣe ti èyí tó ṣáájú rẹ̀, ìwà yìí sì ṣọ̀wọ́n nínú géèmù àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, tí wọ́n sábà máa ń na èrò kan sí ogún wákàtí. Àwọn adájọ́ àjọ̀dún Independent Games Festival mọ rírì rẹ̀, ẹ̀bùn méjì ni wọ́n fún un ní ọdún 2008 kí géèmù náà tó jáde pàápàá, ọ̀kan fún ọgbọ́n tuntun nínú ìṣètò eré, èkejì fún ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Nínú kọ̀ǹpútà, ilé tí ènìyàn ń kọ́ yìí ju àwòrán lásán lọ. Rogodo kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwúwo kan tó wà ní ojú kan, okùn kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ sípíríǹgì tó ní gígùn kan tó ń fẹ́ padà sí nígbà gbogbo. Òòfà ilẹ̀ ń fa gbogbo rogodo wálẹ̀, sípíríǹgì ń fà wọ́n síra tàbí ń tì wọ́n kúrò lára ara wọn, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ ṣírò ibi tí olúkúlùkù yóò wà lẹ́yìn ìgbésẹ̀ àkókò kékeré kan, kó tún ṣírò rẹ̀, kó tún un ṣe, ní ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní ìṣirò físíìsì, ìgbésẹ̀ àkókò náà sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ géèmù ti ń ṣubú nígbà tó bá kúrò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi kọ ọ́. Bí olùkọ-ètò bá jẹ́ kí gígùn ìgbésẹ̀ tẹ̀ lé bí kọ̀ǹpútà ṣe yára tó, ilé tó dúró ṣinṣin lórí ẹ̀rọ tuntun lè máa gbọ̀n tàbí kó fọ́n ká lórí ẹ̀rọ ògbólógbòó, nítorí pé sípíríǹgì tí wọ́n fi ìgbésẹ̀ gígùn ṣírò a máa fò kọjá ibi tó yẹ kó dúró, a sì tún máa padà sẹ́yìn kọjá ibẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń gbà ni pé wọ́n máa ń so ìṣirò mọ́ ìgbésẹ̀ kan tí kì í yí padà, bí ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n a sì jẹ́ kí yíya àwòrán máa lọ ní ìyára tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe èyí, ohun tó yàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ kan àti èkejì kò ní sábà ju bí àwòrán ṣe ń ṣàn lọ́bọ̀rọ́ tó.

Gabler àti Carmel kò kọ gbogbo èyí fúnra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ìṣirò físíìsì wọ́n lo Open Dynamics Engine, àkójọ kóòdù tí Russell Smith bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, tó sì ṣí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kó lò ó, kó sì tún un ṣe. Wọ́n tún lo SDL, tí Sam Lantinga bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998. Lantinga ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Loki Software, tó ń gbé géèmù Windows lọ sórí Linux, ìrírí ìnira iṣẹ́ yẹn sì hàn nínú bí SDL ṣe rí. SDL dúró láàárín géèmù àti ètò olùdarí gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀: géèmù yóò sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé kó ṣí fèrèsé kan, kó mú ìró kan jáde, kó sọ ibi tí máòsì wà, òun ni yóò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún Windows, fún Mac tàbí fún Linux. Olùkọ-ètò tó bá fi í ṣe ìpìlẹ̀ yóò kọ kóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní èdè bíi C++, ètò atúmọ̀-kóòdù yóò sì tú kóòdù kan náà sí èdè ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀kan fún ètò olùdarí kọ̀ọ̀kan. Loki Software kógbá sílé ní ọdún 2002, nítorí pé owó kò tó. SDL tó ti ibẹ̀ dàgbà ṣì ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù ró títí di òní, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀rí ńlá pé kóòdù tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lè pẹ́ láyé ju ilé-iṣẹ́ tó tọ́ ọ dàgbà lọ.

Ohun kẹta tó ṣe pàtàkì nínú ìpìlẹ̀ náà ni yíya àkóónú géèmù sọ́tọ̀ kúrò lára kóòdù. Ibi tí rogodo kọ̀ọ̀kan wà nígbà tí ìpele bẹ̀rẹ̀, ibi tí páìpù dúró sí, iye tó gbọ́dọ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ tó wà lára pátákó, gbogbo wọn ni wọ́n kọ sínú fáìlì XML, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ tó ní àmì tó ń sọ ohun tí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́, tí kóòdù kékeré ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ TinyXML sì ń kà. Àwọn fáìlì wọ̀nyí, pẹ̀lú àwòrán àti orin, kì í ṣe ti ètò olùdarí kankan. Ohun kan náà ni wọ́n jẹ́ níbi gbogbo. Ohun tó ku láti tún ṣe fún ètò olùdarí tuntun kò wá ju ara ìta géèmù náà lọ, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn méjì lè dá láṣà.

Síbẹ̀, ara ìta yìí ní wàhálà tirẹ̀, àwọn ohun kéékèèké ló sì máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lójú Windows, fáìlì tó ń jẹ́ Ball.png àti èyí tó ń jẹ́ ball.png kò yàtọ̀ síra. Lójú Linux, fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Olùkọ-ètò tó bá ti fi ọdún méjì da lẹ́tà ńlá pọ̀ mọ́ kékeré yóò gbé géèmù rẹ̀ dé orí Linux, yóò sì rí i pé ìdajì àwòrán ti pòórá. Ibi tí géèmù ń fi ibi tí ènìyàn gbá a dé pamọ́ sí náà yàtọ̀: Windows ní àpò fáìlì tirẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Mac ní tirẹ̀ nínú Library, Linux sì máa ń fẹ́ àpò tó fara pamọ́ nínú ilé olùlò. Linux tún pín sí oríṣiríṣi, bíi Debian, Ubuntu àti Fedora, tí olúkúlùkù ní ọ̀nà tó ń gbà di ètò pọ̀ fún ìfilọ́lẹ̀, tí àwọn àkójọ kóòdù tó wà lórí ọ̀kan sì lè dàgbà ju ti èkejì lọ. Ohun tó bójú mu ni kí wọ́n kó gbogbo àkójọ kóòdù tí géèmù nílò sínú àpò kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n sì dì í sórí Linux tó ti pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n dì lórí èyí tó pẹ́ máa ń ṣí lórí tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dì lórí tuntun kì í sábà ṣí lórí èyí tó pẹ́. Nítorí irú iṣẹ́ yìí ni ètò olùdarí mẹ́ta kì í fi í sábà rí géèmù gbà ní ọjọ́ kan náà. World of Goo dé orí Windows ní oṣù Kẹwàá 2008, ó dé orí Mac kí ọdún náà tó parí, ó sì dé orí Linux ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2009. Bẹ́ẹ̀ náà ni Papers, Please, tí Lucas Pope dá ṣe, ṣe jáde fún Windows àti Mac ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, tí ti Linux sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kejì ọdún 2014.

Pé géèmù jẹ́ ẹlẹ́nìkan dín ẹrù yìí kù ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Nínú géèmù tí ènìyàn méjì ń bá ara wọn gbá láti orí kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí gbogbo nǹkan wà. Ṣíìpù àti atúmọ̀-kóòdù tó yàtọ̀ síra sì lè mú èsì ìṣirò tó fi ẹyọ kékeré kan yàtọ̀ jáde, tí ìyàtọ̀ kékeré náà yóò máa pọ̀ sí i títí ilé tó dúró lójú ẹnì kan yóò fi wó lójú ẹnì kejì. Nínú géèmù ẹlẹ́nìkan, ìṣòro yìí kò sí rárá. Ilé tó wó lórí Mac kò bi ẹnikẹ́ni tó ń lo Windows léèrè ohunkóhun. Kò tún sí ẹ̀rọ àárín kan tí àwọn tó ṣe géèmù gbọ́dọ̀ máa sanwó fún lóṣooṣù kí eré tó lè máa lọ, nítorí náà géèmù náà kì í kú nígbà tí owó bá tán lọ́wọ́ wọn. World of Goo rí ọ̀nà kan tó dára gbà jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ nípa ara wọn láìba èyí jẹ́: rogodo tí ènìyàn bá gbà là kọjá iye tí wọ́n béèrè ń lọ sí ibì kan tó ń jẹ́ World of Goo Corporation, níbi tí yóò ti fi wọ́n kọ́ ilé gogoro tó ga tó bí agbára rẹ̀ bá ti tó, ìkùukùu tó ń léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà sì ń fi hàn án bí ilé àwọn mìíràn káàkiri ayé ṣe ga tó. Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí, ìkùukùu kò ní yọ, eré náà yóò sì máa lọ.

Ìkùukùu yìí náà ló jẹ́ kí Gabler àti Carmel mọ ohun kan tí kò dùn mọ́ wọn. Wọn kò fi ìdènà-àdàkọ sínú géèmù wọn, ìyẹn kóòdù tó máa ń dí ènìyàn lọ́wọ́ kó má lè da géèmù kọ fún ẹlòmíràn, tó sì sábà máa ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó jẹ́ kí ẹni tó fi owó rà á pàápàá gbá a. Nígbà tí wọ́n fi iye àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tí gíga ilé ti ń wọlé wéra pẹ̀lú iye géèmù tí wọ́n ti tà, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbá a ni kò rà á. Lẹ́yìn tí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ìdá 82. Wọn kò tìtorí ìyẹn yí ọkàn padà. Ohun tí wọ́n dì mú ni pé ìdènà-àdàkọ ń ná àwọn tó ń ṣe géèmù ní owó àti àkókò, kò sì í dá olè dúró, olùrà nìkan ló ń yọ lẹ́nu. Ìpinnu yìí ní ipa lórí ọ̀rọ̀ ètò olùdarí mẹ́ta pẹ̀lú, nítorí pé ìdènà-àdàkọ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn kóòdù tó nira jù lọ láti gbé kúrò lórí Windows. Ó rọ̀ mọ́ inú ètò olùdarí, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tà á kì í sì í sábà kọ ọ́ fún Linux. Géèmù tí kò ní i ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrù náà ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Èrè tó tẹ̀ lé e wá láti ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò fojú sí. Iye àwọn tó ń lo Linux lórí kọ̀ǹpútà ilé kéré púpọ̀ sí ti Windows, ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì fi máa ń fò wọ́n dá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí World of Goo dé orí Linux, iye tí 2D Boy tà láti orí ìkànnì wọn ju ti ọjọ́ èyíkéyìí ṣáájú lọ, ó sì fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ọjọ́ tó ga jù tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, nígbà tí géèmù náà pé ọdún kan, wọ́n sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí olúkúlùkù san iye tó bá wù ú dípò 20 dọ́là tí wọ́n ń tà á. Ní ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí 57,000 ènìyàn ló rà á, ìpíndọ́gba owó tí wọ́n san sì jẹ́ 2.03 dọ́là. Èyí ló ṣí ọ̀nà fún Humble Indie Bundle ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, nínú èyí tí wọ́n kó World of Goo pọ̀ mọ́ Aquaria, Gish, Lugaru àti Penumbra, tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, tí kò sì sí ìdènà-àdàkọ lára ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá rà á yóò dárúkọ iye tó fẹ́ san, yóò sì pinnu iye tí yóò lọ fún àwọn tó ṣe géèmù àti iye tí yóò lọ fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Owó tó wọlé lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn tó ń lo Linux san ohun tó lé ní dọ́là 14 ní ìpíndọ́gba, nígbà tí ti Windows wà ní àyíká dọ́là 8. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹni tí wọ́n ti ń fojú fò dá fún ọdún mẹ́wàá mọ iyì ẹni tó bá ka òun sí.

Lónìí, ọ̀pọ̀ lára iṣẹ́ tí 2D Boy fi ọwọ́ ṣe ni àwọn irinṣẹ́ bíi Godot, tí Juan Linietsky àti Ariel Manzur bẹ̀rẹ̀ lórílẹ̀-èdè Argentina, tí wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2014, ń bá ènìyàn ṣe. Yóò yan Windows, Mac àti Linux nínú àtòkọ, irinṣẹ́ náà yóò sì di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Ilé-iṣẹ́ Valve náà gbé Proton jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí géèmù Windows ṣí lórí Linux láìtún un kọ, àwọn olùkọ-ètò kan sì ti torí rẹ̀ fi kíkọ ti Linux gan-an sílẹ̀. Ìyẹn rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi ayé géèmù náà sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, irinṣẹ́ kankan kò sì lè rọ́pò kí ènìyàn jókòó ti kọ̀ǹpútà mẹ́ta kó gbá géèmù rẹ̀ parí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtọ́jú lẹ́yìn ìtẹ̀jáde náà kò parí. Nígbà tí Apple mú macOS Catalina jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, gbogbo ètò tí wọ́n kọ fún ìṣirò 32-bit ti àtijọ́ nìkan dákẹ́ lórí rẹ̀; lọ́dún 2020, Apple tún bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ṣíìpù Intel sí tirẹ̀. Géèmù tí kóòdù rẹ̀ wà ní ìpamọ́ tó mọ́ ní ń la irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ já. Ní ọdún 2019 kan náà ni wọ́n tún World of Goo ṣe kí àwòrán rẹ̀ lè bá ojú kọ̀ǹpútà òde òní mu, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2024 sì ni World of Goo 2 jáde, lọ́wọ́ 2D Boy àti Tomorrow Corporation, ilé-iṣẹ́ tí Gabler dá sílẹ̀ pẹ̀lú Kyle Gray àti Allan Blomquist.

Ibì kan ṣì kù tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn tó ń kọ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nítorí pé ọ̀rọ̀ World of Goo wà nínú fáìlì ọ̀tọ̀, kò ṣòro láti tú u sí èdè Faransé àti ti Jámánì láìfọwọ́ kan kóòdù. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì. Unicode, ìyẹn àtòkọ tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ó sì fún é àti ò ní tiwọn, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn ló ń dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti lẹ́tà àti ti àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ géèmù kéékèèké ni wọ́n kọ pẹ̀lú ìrètí pé nọ́ńbà kan ni àwòrán lẹ́tà kan, nítorí náà àmì ohùn a máa bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí ipò rẹ̀. Àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ HarfBuzz mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì sórí lẹ́tà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ètò olùdarí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí wọ́n bá ṣáà ti kó fọ́ǹtì tó ní àwọn àmì náà sínú àpò géèmù, tí wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó bá wà lórí ẹ̀rọ olùlò. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ géèmù ní èdè Yorùbá kọ́kọ́ tẹ gbólóhùn kan tó kún fún ẹ́ àti ọ̀, kó wò ó lórí Windows, lórí Mac àti lórí Linux, kó sì tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe, kó tó ya àwòrán àkọ́kọ́.